Má Jẹ́ Kí Katakata Hú Àwọn Kùkùté Yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwòrán ilẹ̀ tí o fi ránṣẹ́. Ilẹ̀ náà dára. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé katakata ń bọ̀ wá hú gbogbo kùkùté lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, dá a dúró ná.

Kùkùté tí o kà sí ìdọ̀tí yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́. Bí òjò bá rọ̀, yóò rúwé. Ní agbègbè Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger, láti àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ kàn jáwọ́ nínú bíbẹ́ ọ̀mùnú ara kùkùté dànù ni. Wọ́n á ṣa méjì tàbí mẹ́ta tó dára jù sílẹ̀, wọ́n á gé ìyókù, wọ́n á sì máa dáko wọn lọ láàárín igi. Ilẹ̀ tó ti di oko onígi báyìí ní Niger lé ní mílíọ̀nù hẹ́kítà 5. Owó irúgbìn kankan ò sí níbẹ̀.

Bí o bá fẹ́ gbin igi tuntun, àgúnmániyè (gliricidia) ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Gé ọ̀pá rẹ̀ tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, kí o rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, rọra wa ìdí rẹ̀ wò, wàá rí kókó bíńtín-bíńtín lára gbòǹgbò. Fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń fa náítrójìn, oúnjẹ ewéko, láti inú afẹ́fẹ́ fún igi náà. Bí o bá gé ewé rẹ̀ tẹ́ sórí ilẹ̀, tó jẹrà, àgbàdo á rí tirẹ̀ jẹ níbẹ̀.

Àmọ́ kí o máa gé e o! Èmi gbin tèmi ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo, mítà 4 síra wọn, mo sì fi í sílẹ̀ láìgé fún odidi ìgbà òjò kan. Àgbàdo pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ òjìji, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Àdá ni mo ṣe ọ̀lẹ láti gbé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa ọ̀nà ìlà-ìlà yẹn tì torí pé ìgbà tí koríko ń yọni lẹ́nu gan-an ni igi náà ń béèrè gígé. Ní tèmi, ààlà oko ni kí o kọ́kọ́ gbìn ín sí.

Ní ti ẹ̀kọ́, ìwé ọ̀fẹ́ ICRAF, àjọ ìwádìí igi inú oko tó wà ní Nairobi láti 1978, pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kà wọ́n, ṣùgbọ́n wá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú oko gan-an. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láàárín àwọn onírẹsì Indonesia ní 1989: wọ́n á jọ pàdé nínú oko kan náà láti ìgbà gbígbìn dé ìgbà ìkórè, wọ́n á fi abala kan wé èkejì, wọ́n á sì jiyàn. Bí o bá lọ wo oko ẹlòmíràn, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o lọ, kí o sì bi wọ́n léèrè nípa àwọn igi wọn tó kú.

Àti pé, ìwọ àti onílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni igi bí àdéhùn yín bá parí?

Fi àkísà pupa so kùkùté tí o fẹ́ kó ṣẹ́kù. Kí o sì pe awakọ̀ katakata náà lónìí.

Èmi ni bàbá rẹ.