BN ló wà lára káàdì ẹgbẹ́ aránṣọ, kì í ṣe IT

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé lẹ́tà yìí jáde, torí bí a bá sọ ọ́ nínú ìpàdé, àwọn olóyè ẹgbẹ́ á ní ọlọ̀tẹ̀ ni wá, wọn á sì bu owó ìtanràn lé e.

Káàdì ìdánimọ̀ tuntun tí ẹgbẹ́ àwa aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ti tẹ oníkálukú lọ́wọ́. Ó ń dán, fọ́tò hàn kedere. Ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ ka ìlà tó kéré jù lábẹ́ ibi tí alága fọwọ́ sí. Lẹ́tà méjì ló ṣáájú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀: BN. Ẹni tó bá ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí. Lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, RC ni ti kọ́ńpìnnì, IT ni ti ẹgbẹ́, ìjọ àti irú wọn, BN sì ni ti òwò tí èèyàn dá sílẹ̀ fún èrè ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé lójú òfin, ẹgbẹ́ tí à ń dáwó fún káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà l'Ékìtì, òwò aládàáni ni. Oníbàárà rẹ̀ ni gbogbo wa.

Ìròyìn ọdún tí wọ́n kà létí wa nínú ìpàdé kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ìdàgbàsókè ni wọ́n kà: yúnìtì tuntun ní Ìkọ̀lé, òmíràn ní Ọ̀mùò, wọ́n ti pín Adó sí zóònù, wọ́n ti yan ìyá ẹgbẹ́ sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Wọn ò parọ́. A pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ ìwọ̀n bùbá ni wọ́n fi ń gé agbádá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣọ mọ ibi tí irú rẹ̀ ti máa ń ya.

Nínú ìpàdé yẹn náà ni wọ́n ti yí òfin ẹgbẹ́ padà. Ọdún mẹ́ta ni sáà olóyè tẹ́lẹ̀. Ó di mẹ́rin, orí àwọn tó wà lóyè ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé tó ṣáájú ìpàdé. Ẹnì kan ka abala náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pariwo "bẹ́ẹ̀ ni". Àwọn tó wà lábẹ́ kánópì níta, tí wọ́n ń pín ráìsì fún, náà bá wọn pariwo. Kò sẹ́ni tó ka orí, kò sì sẹ́ni tó bèèrè "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ká ní IT ni wá, irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kò lè parí sínú gbọ̀ngàn, ó gbọ́dọ̀ dé CAC kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. BN kò ní òfin ẹgbẹ́ kankan lọ́dọ̀ CAC, kò wá síbi tí a ó ti lọ wo èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Ẹ bá wa ṣírò owó náà. Yúnìtì tó bá ní 30 èèyàn, tí oníkálukú ń san ₦500 lóṣù, ₦15,000 nìyẹn, ₦180,000 lọ́dún. A ò tíì ka owó fríídọ̀mù, owó sàtífíkéètì, owó káàdì àti owó ìtanràn ẹni tí wọ́n bá níbi tó ti ń ránṣọ lọ́jọ́ ìpàdé. Àkáǹtì BN, ẹni tó ni BN ló ń fọwọ́ sí i. Bó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé báǹkì, kì í ṣe akápò. Ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi owó wa rà láti kọ́ gbọ̀ngàn ńkọ́? Orúkọ ta ni yóò wà nínú ìwé rẹ̀?

Àwọn taskfọ́ọ̀sì wọn mọ bí wọ́n ṣe ń tú orí ẹ̀rọ kúrò lórí tábìlì, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ rísíìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó máa bojú tó ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà ò yàtọ̀. Wọ́n á wá, wọ́n á jókòó sí hàì tébù, wọ́n á gba ankárá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bèèrè sàtífíkéètì rí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro. Kí ẹgbẹ́ di IT lábẹ́ CAMA ọdún 2020, òfin tó de kọ́ńpìnnì, òwò àti ẹgbẹ́. Ẹni tó ni BN ni yóò kọ́kọ́ kọ̀wé pé òun yọ̀ǹda orúkọ náà, torí CAC kì í fi orúkọ tó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yóò ti le, ẹ jẹ́ ká wò ó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pe ìpàdé gbogbogbòò, kí ìwé ìpè sì sọ pé yíyan trustee, ìyẹn alágbàtọ́ ẹgbẹ́, la bá wá. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n mú méjì láti ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, Àríwá, Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù, kó jẹ́ mẹ́fà, kí alága àti akọ̀wé má sì sí nínú wọn. Àwọn trustee ló ń di dúkìá mú, olóyè ló ń ṣàkóso. Kí òfin ẹgbẹ́ sọ bí a ṣe ń yàn wọ́n àti bí a ṣe ń yọ wọ́n. Wọn á gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28. Ohun tó máa ń dá ìwé padà jù ni orúkọ: "Fúnkẹ́" nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, "Olúwafúnkẹ́" nínú NIN. Kí akọ̀wé da orúkọ kọ látinú NIN, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí a ń pe ara wa ní ṣọ́ọ̀bù. Bí sàtífíkéètì bá jáde, kí wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun tí èèyàn mẹ́ta ń fọwọ́ sí, kí wọ́n kó owó ti àtijọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì lẹ sítátímẹ́ǹtì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ibi ìpàdé lóṣooṣù. Láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá ni IT ń fi ìjábọ̀ ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC. Ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe é, INACTIVE ni yóò máa hàn níwájú orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú gbogbo ayé.

Kí wọ́n yan ayẹ̀wé-owó-wò tí kì í ṣe olóyè. Kí sáà padà sí ọdún mẹ́ta.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé gbé sàtífíkéètì náà sókè kí gbogbo wa rí i. Bó bá jẹ́ IT, a ó tọrọ àforíjì, a ó sì san owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ BN, kí wọ́n ka orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sí wa létí.

Aránṣọ kan,
Adó-Èkìtì.