Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì: Bí Ẹ Ó Ṣe Jẹ Súṣì Olówó Pọ́ọ́kú ní Osaka

Osaka, ilẹ̀ Japan

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn gan-an pé físà yín ti jáde. O béèrè bóyá owó ọwọ́ yín lè tó jẹ súṣì, oúnjẹ Japan tí wọ́n fi ìrẹsì oní-fínígà ṣe, tí ẹja sábà máa ń wà lórí rẹ̀, torí pé ilé oúnjẹ tí ènìyàn mẹ́jọ péré ń jókòó sí, tí wọ́n ti ń gba owó gọbọi, ni o rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Fi ìyẹn sílẹ̀. Kaiten-zushi ni kí ẹ lọ, ilé súṣì àdúgbò tí àwo ti ń gba orí bẹ́líìtì kọjá níwájú oníbàárà. Ibẹ̀ ni àwọn ará ibí ń kó ọmọ lọ lọ́jọ́ ìsinmi. Súṣì gidi ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, bí ènìyàn bá ti mọ ohun tí yóò wò.

Ìrẹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹja tútù tí wọ́n gé tí kò ní ìrẹsì lábẹ́, sashimi ni wọ́n ń pè é. Ìrẹsì oní-fínígà ló ń sọ oúnjẹ di súṣì. Ìrẹsì ibí kúrú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n á fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara, wọ́n á sì dín omi tí wọ́n fi sè é kù díẹ̀. Bó bá ti jinná, tó ṣì ń gbóná, wọ́n á da fínígà tí wọ́n ti po ṣúgà àti iyọ̀ mọ́ sí i. Fún ìrẹsì gbígbẹ gíráàmù 450, fínígà ìrẹsì mílílítà 80, ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀ ti tó. Igi pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń là á sọ́tùn-ún sósì. Wọn kì í rò ó, torí bí wọ́n bá rò ó, á fọ́, á sì di nǹkan bí túwó. Bí wọ́n ti ń là á ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, kí omi ojú rẹ̀ lè gbẹ, kí wóró kọ̀ọ̀kan sì máa dán.

Nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìgbóná rẹ̀ kò ju ti ara ènìyàn lọ, ló dùn jù. Ìrẹsì tí wọ́n bá ti gbé sínú fíríìjì á le, kò sì sí ẹja tó lè gbà á sílẹ̀. Fínígà pàápàá kì í ṣe ti adùn nìkan: kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí tó máa ń hù nínú ìrẹsì lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pọ̀ sí i. Tí ẹ bá mú ẹyọ kan, kó di ara rẹ̀ mú lọ́wọ́ yín, kó sì tú ká wóró wóró lẹ́nu. Bó bá di odidi òkìtì kan lẹ́nu, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù. Ilé tó bá mọ ìrẹsì í ṣe, ọkàn mi máa ń balẹ̀ lórí ìyókù oúnjẹ wọn.

Agbègbè Osaka yìí gan-an ni kaiten-zushi ti ṣẹ̀ wá. Shiraishi Yoshiaki, ẹni tó ń ta súṣì, rí bí ìgò ọtí ṣe ń gba orí bẹ́líìtì kọjá ní ilé iṣẹ́ bíà Asahi, ó sì gbé ọgbọ́n náà wá sídìí súṣì. Ní 1958 ló ṣí Genroku Sushi sí Higashi-Osaka. Ìrìn bẹ́líìtì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má falẹ̀ tí yóò fi sú oníbàárà, kó má sì yára tí ọwọ́ kò fi ní bá a. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e síwájú ayé níbi àfihàn Expo ti 1970 ló tàn káàkiri. Ní 1981 ilé iṣẹ́ Suzumo gbé ẹ̀rọ tó ń mọ ìrẹsì súṣì jáde. Ẹ̀rọ yẹn àti ẹja tí wọ́n ń rà lọ́pọ̀ yanturu ló jẹ́ kí iye rẹ̀ wálẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwo kan fi jẹ́ 100 yen (owó Japan) láìka owó orí mọ́ ọn. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni Sushiro, ilé ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Osaka ní 1984, gbé àwo tí owó rẹ̀ kéré jù sí 120 yen pẹ̀lú owó orí. Ní àárín ìlú, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yà sí èyí tó wà létí ìlú.

Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ iye yín, kí ẹ sì yan tábìlì, torí orí kántà kò rọrùn fún ọmọdé. Ẹ̀rọ náà á fún yín ní ìwé nọ́ńbà. Àárín ọ̀sẹ̀, láàárín aago méjì sí márùn-ún ọ̀sán, ẹ lè má dúró rárá.

Ibi ìjókòó ṣe pàtàkì, Bàbá Ìbejì. Ìwọ àti Ìyá Ìbejì ni kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, kí àwọn ọmọ wà ní ìta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì ni ẹ̀rọ omi kékeré kan wà tí ó ní bọ́tìnì dúdú. Àwọn àlejò máa ń rò pé ti ìfọwọ́ ni. Omi tíì ni, ó gbóná débi pé ó lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun tíì àwọ̀ ewé wà nínú agolo lórí tábìlì: ṣíbí kékeré kan sínú ife, kí ẹ wá fi ẹnu ife ti bọ́tìnì náà, omi á dà. Ọ̀fẹ́ ni tíì yìí, ọ̀fẹ́ náà ni atalẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú fínígà. Ẹ máa jẹ atalẹ̀ yẹn láàárín ẹja kan sí òmíràn láti fọ ẹnu mọ́. A kì í gbé e lé súṣì lórí.

Tẹ́lẹ̀, ohun tó bá wù ọ́ lo máa mú bó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2023, fídíò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lá ẹnu ìgò ṣọ́yù (omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe) nílé Sushiro kan tàn ká, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ti dá àwo tó ń yí ká fúnra rẹ̀ dúró. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ aláfọwọ́tẹ̀ tó wà nídìí tábìlì, ni ẹ ó ti máa béèrè, ẹ sì lè yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi fara mọ́ ọn, torí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni yóò dé iwájú yín. Àwo méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ máa béèrè lẹ́ẹ̀kan. Bí mẹ́wàá bá dé pọ̀, ìrẹsì á tutù, ewé òkun tí wọ́n fi yí òmíràn ká á sì rọ̀, á máa fà bí ẹ ti ń gé e jẹ. Tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá dún, ẹ yára gbé àwo yín. Níbi tí àwo bá ṣì ń yí ká, ẹ má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n gbé lé pèpéle kékeré aláwọ̀, ẹlòmíràn ló béèrè rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì ti gbé, a kì í dá a padà.

Ẹyọ méjì ló sábà máa ń wà nínú àwo, àmọ́ ẹ wo àwòrán dáadáa, torí ẹja olówó iyebíye lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọwọ́ tàbí igi ìjẹun, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ lò. Ní ti ṣọ́yù, ẹja ni kí ẹ fi kàn án. Bí ìrẹsì bá kàn án, á mu ún yó, á já, iyọ̀ á sì bo gbogbo adùn mọ́lẹ̀. Wasabi, èròjà àwọ̀ ewé tó ń ta, wà nínú ọ̀rá kéékèèké lọ́tọ̀. Ó máa ń ta sí imú, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹja funfun tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, bíi tai, kí ẹ tó bọ́ sí maguro (ẹja tuna) àti salmon, kí ẹ sì fi tamago, ẹyin dídín aládùn, parí. Ẹ wo maguro dáadáa: bí omi pupa bá sun sínú àwo, wọn kò yọ́ yìnyín rẹ̀ dáadáa, bí etí rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Engawa olówó pọ́ọ́kú kì í sábà jẹ́ ti hirame, ẹja pẹlẹbẹ tí orúkọ náà mú wá sọ́kàn, ẹ̀gbẹ́ lẹ́bẹ́ ẹja pẹlẹbẹ ńlá inú omi tútù ni. Ó dùn, mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni. Salmon tútù kò sí nínú súṣì àtijọ́, torí aràn tí wọ́n ń pè ní anisakis máa ń wà nínú salmon inú òkun. Àwọn ará Norway, tí ẹja gbígbẹ wọn wà nínú ọbẹ̀ wa nílé, ló mú salmon tí wọ́n sìn fúnra wọn wá polówó níbí láàárín ọdún 1980 sí 1990. Oúnjẹ oníhóró ni wọ́n ń fún un, kò jẹ ẹja kéékèèké tó ń gbé aràn yẹn kiri.

Nítorí pé Mùsùlùmí ni yín, ẹja kọ́ ni ìṣòro. Mirin, ọtí aládùn tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, máa ń wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń kun anago, ẹja òkun gígùn bí ejò, lára, ó sì lè wà nínú tamago. Ọtí díẹ̀ máa ń wà nínú ṣọ́yù pẹ̀lú. Béèrè lọ́wọ́ áfáà yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì wá ṣọ́yù aláìlọ́tí kékeré kan dání. Adìẹ díndín tí àwọn ọmọ máa tọ́ka sí kì í sábà jẹ́ pípa ti ẹ̀sìn.

Ní ti owó, àgbàlagbà kan máa ń jẹ àwo mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọmọdé mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ ṣírò àwo 28 fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: láti 3,360 yen bó bá jẹ́ 120, títí dé 5,040 bó bá jẹ́ 180. Kò sí pé à ń fi owó lé e fún òṣìṣẹ́. Bí àwọn ìbejì bá fẹ́ ìdárayá, ilé súṣì tó ń jẹ́ Kura ni kí ẹ lọ. Àwo òfìfo ni ẹ ó máa jù sínú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, márùn-ún bá pé, eré kan á bẹ̀rẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì lè jẹ ẹ̀bùn.

Ìyá Ìbejì sọ pé òun máa gbìyànjú ẹ̀ nílé. Ẹ fi ìrẹsì, kùkúńbà, ẹyin àti edé bíbọ̀ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹja Titus ọjà ṣe é ní tútù. Òótọ́ ni pé ẹja irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní saba níbí, iyọ̀ àti fínígà ni wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sí. Ṣùgbọ́n fínígà kì í pa anisakis; dígírì 20 sísàlẹ̀ òdo fún wákàtí 24, ó kéré tán, ló ń pa á. Titus ọjà sì máa ń yọ́, tí wọ́n á tún gbé e padà sínú fíríìsà bí iná bá dé. Nínú yíyọ́ yẹn ni májèlé kan tó ń jẹ́ histamine ti máa ń pọ̀ nínú ẹran rẹ̀, dídín pàápàá kì í sì mú un kúrò.

Tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀, sọ fún mi, kí n lè gba nọ́ńbà sílẹ̀ lórí áàpù ilé náà. Jẹ́ kí n mọ̀ pẹ̀lú bóyá edé tàbí akàn máa ń mú ara yun ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ, torí ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n lè fi gé gbogbo rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àkàngbé