Ẹ Má Tètè Gbà Pé Bọ́ọ̀dù Láptọ́ọ̀pù Yín Ti Lọ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, kì í sì í pẹ́ kẹ́nìkan tó tún gbé láptọ́ọ̀pù wá pé òun fi RAM, ìyẹn mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, kún un, àtìgbà yẹn kò tàn mọ́, wọ́n sì ti sọ fóun níbòmíì pé bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́, ti lọ, kóun lọ wówó bọ́ọ̀dù wá. Ọmọ yunifásítì tó ń kọ prójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ló pọ̀ nínú wọn, owó RAM yẹn gan-an, ńṣe ni wọ́n ṣa á jọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn èèyàn, tí iná ara ẹ̀ bá ń tàn, tí fáànù ń yí, àmọ́ tí sìkírìnì dúdú kirikiri, RAM yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì tá a fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ wá yọ RAM tuntun, kẹ́ ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà síbi tó wà. Tó bá tàn, a jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe bọ́ọ̀dù. Nígbà míì, RAM ọ̀hún ni ò wọlé dáadáa, torí ó máa ń dà gẹ̀rẹ́ téèyàn bá ń tì í bọhò, ó dìgbà tó bá wọlé tán ká tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi há a, táá dún kọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti DDR3 àti DDR3L, oríṣi RAM méjì tó jọra. Ẹsẹ̀ 204, ìyẹn àwọn irin wẹ́wẹ́ etí ẹ̀, làwọn méjèèjì ní, ojú kan náà ni wọ́n ti gé wọn, èyí tó bá wu èèyàn ló máa wọlé, àmọ́ iná 1.5V ni DDR3 ń lò, DDR3L ń lo 1.35V, bẹ́ẹ̀ láptọ́ọ̀pù Intel Core ti jẹnẹréṣọ̀n kẹrin, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2013 tá a ṣì ń rà ní tòkunbọ̀, DDR3L ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, tẹ́ ẹ bá ki DDR3 bọ̀ ọ́ kò ní dáhùn. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára: PC3L ni wọ́n máa kọ sára DDR3L, PC3 lásán ló wà lára ìkejì. Torí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ṣe ń gbowó bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ!

Tó bá wá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń lo DDR5, irú RAM tuntun, ẹ ní sùúrù fún un, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tan án ó lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan kí sìkírìnì tó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta RAM, ẹ máa tan láptọ́ọ̀pù lójú oníbàárà kó tó lọ. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ gba RAM yín tẹ́lẹ̀ dání lọ sílé, ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí wàhálà bá wá dé wọn ò ní rí ohun tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni tiyín,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan, Ìbàdàn