Ẹ má jẹ́ ká fi ìpara àpòpọ̀ ba awọ ọmọ jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí ìpara ọmọ ọwọ́, tèmi ni pé kí wọ́n fòfin de títa ìpara àpòpọ̀ tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì fún ọmọdé pátápátá. Ẹrù ọmọ ni mò ń tà, ojú mi ń rí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́ta wá, ó ní kọ́mọ má bàa dúdú lòun ṣe ń fi ìpara àpòpọ̀ kan pa á, inú ike funfun ló wà, wọn ò kọ nǹkankan sí i lára, ẹ̀yìn etí ọmọ ti bó, ó pọ́n bí ata, àánú ọmọ yẹn ṣe mí débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Awọ ọmọ tuntun ò tíì ki, kíá lohun tí wọ́n bá fi pa á ń wọlé, bẹ́ẹ̀ mákúrì, èròjà olóró tí wọ́n ń bá nínú àwọn ìpara abóra kan, kíndìnrín àti ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Páúdà náà ńkọ́? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson ṣíwọ́ títa páúdà ọmọ tí wọ́n fi talc, ìyẹ̀fun òkúta, ṣe káàkiri ayé ní 2023, wọ́n bọ́ sí sítáàṣì àgbàdo. Kí NAFDAC jọ̀ọ́ wọnú ọjà wa, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ńláńlá nìkan.

Èmi ni,
Oníṣòwò ẹrù ọmọ, Ìbàdàn.