Ìbùkún, kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú.

Ìbùkún ọmọ mi,

Mo rí fídíò ẹṣin tí o fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ náà wò ó, ó ní ẹṣin náà rẹwà ju ọkọ̀ mi lọ. Ìyẹn ò kúkú le. O ní ẹṣin eré ìje ni tẹ́lẹ̀ ní Kàdúná, o ní owó rẹ̀ ò tó ti ọ̀kadà tuntun, o sì fẹ́ máa fi gbé ọkọ ìyàwó àti àwọn olóyè wọ òde ní Adó àti Ìkéré. Mi ò ní kí o má rà á. Ọdún 6 ni mo fi tọ́jú ẹṣin ní Kàdúná kí a tó bí ọ, títí di òní bí mo bá gbọ́ òórùn ìgbẹ́ ẹṣin, inú mi a máa dùn. Má sọ ìyẹn fún ìyá rẹ.

Ohun tí wàá kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà ni pé kí ló dé tó fi ń tà á. Ẹṣin ìje kì í ṣàdédé di olówó pọ́ọ́kú. Nínú èyí tí mo rí, ohun méjì ló wọ́pọ̀ jù: yálà kò yára, tàbí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Bí wọ́n bá ní torí pé ó máa ń gbẹ̀yìn ni, inú rẹ ni kó dùn. Ẹṣin tó ń gbẹ̀yìn gan-an ni ẹṣin ọkọ ìyàwó. Ta ló fẹ́ kí ẹṣin sáré lójúde ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ife ẹ̀yẹ tó ti gbà fún ọ, tí wọ́n wá fẹ́ gba owó ọ̀kadà lórí rẹ̀, fi ojú sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èmi náà ti ra irú rẹ̀ rí. Owó oṣù 3 ni mo kó lé e. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ó ń rìn geere bí omi. Lọ́jọ́ kẹta tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò lè fi ẹsẹ̀ òsì iwájú tẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kí n tó dé, abẹ́rẹ́ náà ló wá kúrò lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ tọ iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀: ó wú, ó tẹ̀ síta bí ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti rí wíwú náà lọ́jọ́ tí mo sanwó. Gọ̀gọ̀ orí rẹ̀ ni mo ń wò. Iṣan tó bá ti já díẹ̀ báyẹn lè san, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni, kì í sì í padà lágbára tó ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o lọ wò ó, kí o má sì sọ fún wọn kí o tó lọ nígbà kejì. Lọ ní àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó mú un jáde, torí ẹsẹ̀ tó ń dùn máa ń rọ̀ díẹ̀ bí ẹran bá ti rìn. Fi ọwọ́ méjèèjì tọ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì láti orúnkún wá sí ọrùn ẹsẹ̀, kí o máa fi ọ̀kan wé èkejì. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, o ti rí ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Gbé pátákò rẹ̀ sókè, wò ó bóyá ó ti là.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n mú un sáré díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀dà tàbí ilẹ̀ líle, kí okùn ọrùn rẹ̀ dẹ̀. Wo orí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú tó ń dùn bá kan ilẹ̀, á gbé orí sókè. Bí èyí tó dára bá kan ilẹ̀, á tẹrí ba. Lẹ́yìn náà, di ojú rẹ, kí o fetí sí i. Ìró pátákò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba bí ìró odó tí èèyàn méjì tó mọwọ́ ara wọn ń gún. Bí ìró kan bá wúwo tí èkejì fúyẹ́, ó ń tiro, ojú ni kò tíì rí i. Kí ẹnì kan wá ká ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó sì tún sá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́ ni kí o wò.

Ọjọ́ orí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan tó bí o ṣe rò. Wọ́n ní ọmọ ọdún 7 ni. Ẹnu rẹ̀ á sọ. Bí ẹṣin bá pé ọdún 5, gbogbo eyín iwájú rẹ̀ ti di ti àgbà. Ní nǹkan bí ọdún 10, ìlà dúdú kan á yọ lára eyín òkè tó wà ní igun, lẹ́bàá ẹran eyín. Bí ìlà náà bá ti dé ìdajì, ó ti ń lọ sí ọdún 15. Èmi á yan ọlọ́dún 12 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju ọlọ́dún 5 tí wọ́n ti sá já lọ. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ọlọ́dún 2 ni wọ́n ti ń fi sá eré ìje, nígbà tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó.

Nípa iṣẹ́ tí o fẹ́ fi ṣe, ẹṣin ìje kò mọ ju kí ó sáré lọ. Bí o bá fa ìjánu rẹ̀, ó lè rò pé o ní kí ó tẹ̀síwájú ni. Fún un ní oṣù bíi mélòó kan kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, má sì gba owó òde kankan lórí rẹ̀ kí o tó mọ̀ pé ó ti gbọ́n. Kí wọ́n lu dùndún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣí agboòrùn lójú rẹ̀, kí wọ́n yin báńgà lókèèrè, kí gbogbo rẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Tún wo ẹni tí yóò gùn ún: ẹṣin tó bá wọn kílò 450, nǹkan bí kílò 90 ló tó o, pẹ̀lú gàárì. Àwọn olóyè kan wà tó jẹ́ pé agbádá wọn nìkan ti fẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ wa yìí náà ní tirẹ̀. Eṣinṣin tó ń gbé àrùn asùnlọ wà nínú igbó ìhín, òun ni kò jẹ́ kí ẹṣin àwọn Ọ̀yọ́ àtijọ́ máa pẹ́ láyé nínú igbó. Bí ẹṣin rẹ bá ń jẹun tó sì ń rù, tí ibà ń wá tó ń lọ, tí ẹran eyín rẹ̀ funfun, jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá. Oúnjẹ gbígbẹ tó nǹkan bí kílò 10 ni lójúmọ́, omi bíi lítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu àgbàdo fún un bí ẹni ń bọ́ adìẹ. Inú ẹṣin kò gbà á, kì í sì í lè bì.

Dókítà ẹran tí ìwọ fúnra rẹ sanwó fún ni kí o mú dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Bí wọ́n bá ní ẹṣin wọn kì í rìn lórí ọ̀dà, kí wọn ní àárọ̀ o, kí o padà sí gáréèjì. Bí ó bá sì yege, kí ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ gba ọ̀nà Kàbà àti Òmùò, kí ó sì dúró fún un kó mu omi.

Ìyá rẹ ní kí o bá òun ra àpò àlùbọ́sà kan bọ̀. Mo ti ń gé igi tí a ó fi kọ́ ilé ẹṣin náà sí ẹ̀yìnkùlé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.