Kí O Tó Ra Oògùn fún Adìẹ Yẹn

Àjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà rẹ. O ní àgbébọ̀ rẹ pupa dá dúró sí igun, ó sorí kọ́, ó wú ìyẹ́, kò sì bá àwọn yòókù jẹun. O wá ní kí n dárúkọ oògùn tí o máa rà. N kò ní sọ oògùn tí o máa rà fún un lónìí, torí n kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é, ìwọ náà kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fún adìẹ lóògùn kó tó gbé e lọ́wọ́ wò, ó ń fi owó ṣòfò, ó sì lè ti ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Ohun tó kàn ni kí o yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, kó má di ọ̀la. Adìẹ kì í ṣàánú ara wọn. Èyí tí ara rẹ̀ kò bá yá ni wọ́n máa ń fi ẹnu gún, tí wọ́n á sì lé kúrò nídìí oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí adìẹ fi máa ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ á fi tán, nítorí náà èyí tí o rí lónìí lè ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Wá páálí ńlá tàbí apẹ̀rẹ̀, da ìfárí pákó gbígbẹ sí i, gbé e síbi tó móoru, tí atẹ́gùn kò ti ní máa fẹ́ lù ú. Ara adìẹ máa ń gbóná ju tiwa lọ, ó máa ń tó 41°C, àmọ́ èyí tó ń ṣàìsàn kì í lè mú ara rẹ̀ gbóná tó bó ṣe yẹ. Gbé omi sí iwájú rẹ̀. Bí kò bá mu ún, ti ẹnu rẹ̀ bọ omi díẹ̀. Má ṣe da omi sí i lọ́nà ọ̀fun láé, torí ihò tó ń mí gbà wà nídìí ahọ́n níbẹ̀, omi á sì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń jọ àìsàn tí kì í ṣe àìsàn. Adìẹ tó fẹ́ sàba náà máa ń wú ìyẹ́, kì í sì fẹ́ jẹun, ṣùgbọ́n inú ìtẹ́ ló máa ń wà, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa kígbe mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ á sì mọ́ kedere. Èkejì ni èyí tó ń bọ́ ìyẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ kí tuntun lè hù. Kì í yé ẹyin nígbà náà, a sì máa rí bí ẹni tí nǹkan ṣe. Oúnjẹ gidi ni kí o fún un, kì í ṣe oògùn.

Tí kì í bá ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, gbé e lé itan, kí o wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ogbe orí rẹ̀ ńkọ́? Bó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máà tó lára rẹ̀, aràn inú tàbí kòkòrò ara ló sì sábà máa ń fà á. Bó bá ń dúdú bí àró, èémí kò dé ara rẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ náà sì kánjú. Wò ó bóyá ojú rẹ̀ ń hó, bóyá imú rẹ̀ ń ṣomi, kí o gbé etí sí ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀.

Nísinsìnyí, fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, lókè àyà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù. Lálẹ́ ó yẹ kó kún, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kó tó jẹun ó yẹ kó ti ṣófo. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì le gbagidi láàárọ̀, koríko gígùn tàbí nǹkan mìíràn ti dí i. Bó bá rọ̀, tó ń yí gbọ̀ọ́rọ̀gbọ̀ọ́rọ̀ bí omi inú ike, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn kan, oúnjẹ ti bà jẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní kí o dorí rẹ̀ kodò kó lè bì. Má gbọ́ tiwọn. Bí èyí tó fẹ́ bì bá wọ ọ̀nà èémí rẹ̀, ó lè kú lójú ẹsẹ̀. Dókítà ẹranko ni kó tọ́jú èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi ìka wọ́ egungun àárín àyà rẹ̀. Bó bá mú ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ tí ẹran kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àìsàn náà ti pẹ́. Ya ìyẹ́ ìdí rẹ̀, wo bóyá ẹyin kòkòrò ara tí à ń pè ní iná lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ìyẹ́ náà. Wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá èépá dúdú wà níbẹ̀. Tó bá di alẹ́, gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wo ihò àti pàlàpálá igi tí wọ́n ń sùn lé: kòkòrò pupa kan wà tó máa ń fara pamọ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án, tí á jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ wọn lóru. Bó bá wà, ilé adìẹ gan-an ni kí o fọ̀ kí o sì fi oògùn sí, kí o tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹyin rẹ̀ á ti pa.

Ìgbẹ́ rẹ̀ náà máa ń sọ̀rọ̀. Èyí tó dára ki, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, funfun díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á ya èyí tó lẹ̀ tó sì ń rùn burúkú, má jáyà, bí ìfun rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, pàápàá lára àwọn ọmọ adìẹ, coccidiosis, àrùn tí kòkòrò inú ìfun ń fà, ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ibi tó móoru tó sì lọ́rinrin ló ti máa ń gbilẹ̀. Amprolium tí a ń pò mọ́ omi ni wọ́n sábà máa ń fi wò ó, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kò bá gbẹ, àrùn náà á tún padà.

Bó bá jẹ́ pé ó ń wọ ìtẹ́ ó ń jáde, tó nàró gbọọrọ, tó ń rin ìdí, ó lè jẹ́ pé ẹyin ló há sí i nínú. Da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, kí ó mọ síbi ikùn rẹ̀, jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ fún bí 20 ìṣẹ́jú, nù ún gbẹ, kí o sì gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Kálísíọ́ọ̀mù náà á ràn án lọ́wọ́. Má fi ipá tẹ ikùn rẹ̀, torí bí ẹyin náà bá fọ́ sínú, ó lè pa á. Bí kò bá tíì yé e nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Àwọn àìsàn kan wà tí mi ò fẹ́ kí o dán wò nílé rárá. Bí ọrùn adìẹ bá ń lọ́ sẹ́yìn, tí orí rẹ̀ wú, tí ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé ń dà lára rẹ̀, tí òmíràn sì ń kú tẹ̀lé e, lúkúlúkú (Newcastle) tàbí àrùn afẹ́fẹ́ adìẹ (bird flu) ló lè jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà wọ́n, kò sì sí oògùn tó ń wo ọ̀kankan nínú wọn. Àjẹsára tí a fún wọn kí àrùn tó dé ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ lúkúlúkú. Má pa á jẹ, má tà á, má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, má sì fi ọwọ́ lásán kàn án. Dókítà ẹranko tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn ni kí o pè lójú ẹsẹ̀.

Inú mi kì í dùn sí àṣà fífi ántíbáyọ́tíìkì tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ aládùúgbò wo gbogbo àìsàn. Kòkòrò bakitéríà ló ń pa, kò ní ohun kan án ṣe fún fáírọ́ọ̀sì. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ọ, lò ó títí dé ìparí, kí o sì bi í pé ọjọ́ mélòó ni o kò fi ní jẹ ẹyin rẹ̀. Máa fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tí o bá fọwọ́ kàn wọ́n, bí ara wọn tilẹ̀ yá.

Bí dókítà bá wò ó tó ní kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́, gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí ó fòpin sí ìyà rẹ̀ láìjẹ́ kó jẹ̀rora. Àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ti èyí kò tíì débẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, má kàn sọ ọ́ sáàárín àwọn yòókù. Fi wáyà sí àárín wọn fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tún máa rí ara wọn, torí wọ́n lè bá a jà bí àlejò.

Lọ́la, kó tó jẹun, fọwọ́ kan àpò oúnjẹ rẹ̀. Kọ ohun tí o bá níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwọ̀ ogbe rẹ̀ àti bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Nígbà náà la óò mọ èyí tí a máa ṣe.

Èmi ni ìyá rẹ.