Jíjáwọ́ nínú ọtí: ohun tí ọpọlọ ń là kọjá lẹ́yìn ife ìkẹyìn

Sí Olóòtú,

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù lórí ọtí nínú ìwé ìròyìn kì í ju gbólóhùn kan lọ: ẹ jáwọ́ níbẹ̀ lónìí. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìtọ́jú àwọn tó ń fi ọtí sílẹ̀ kò bá ìmọ̀ràn náà jà, àmọ́ ó kù síbì kan. Ẹni tó ń mu ife kan tàbí méjì ní òpin ọ̀sẹ̀ lè dá a dúró lónìí kó sì lọ sùn. Ẹni tó ti ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìdádúró òjijì lè pa á. A ò sọ àsọdùn. Nínú gbogbo ohun tó ń di bárakú, ọtí wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí ìdádúró rẹ̀ gan-an lè gba ẹ̀mí.

Inú ọpọlọ ni ìdí rẹ̀ wà. Ọtí máa ń fi agbára kún èròjà tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, ìyẹn GABA, á sì tẹ èyí tó ń ta á jí, glutamate, mọ́lẹ̀. Tó bá di ojoojúmọ́, ọpọlọ náà á wá ọgbọ́n dá sí i: á dín ìrọlẹ̀ kù, á fi kún ìtají, kí iṣẹ́ má baà dúró. Ó dà bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan nínú ilé, èkejì níta. Bí ti ìta bá yẹra lójijì, ṣe ni ti inú á já lulẹ̀. Ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn, àyà tó ń lù kìkì, èébì, àìróorunsùn, ìpayà tí kò nídìí, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá.

Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn ni ọwọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gìrì, bí yóò bá wáyé, máa ń dé láàárín wákàtí 6 sí 48. Èyí tó burú jù, tí àwọn dókítà ń pè ní delirium tremens, máa ń yọjú láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin. Ẹni náà ò ní mọ ibi tó wà mọ́, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ á gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ará ilé ti ń túra ká, tí wọ́n ń rò pé wàhálà ti tán.

Ta ló wá gbọdọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí tó fi mu díẹ̀, ẹni tí gìrì ti mú rí nígbà tó dá ọtí dúró, aboyún, ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí àrùn ọkàn, àti ẹni tó ń lo oògùn oorun. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fún un ní diazepam tàbí chlordiazepoxide, oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, èyí tó máa ń pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n á sì máa dín kù lójoojúmọ́ títí á fi tán láàárín nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 10. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra á fúnra rẹ̀ o. Bí oògùn yìí bá pàdé ọtí nínú ara, ó lè dá èémí dúró, òun alára sì ń di bárakú. Títí ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ á fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó sàn kó máa mu ún, kó sì máa dín in díẹ̀díẹ̀, ju kó gé e lójijì lọ. A mọ̀ pé gbólóhùn yẹn á bí àwọn kan nínú, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbójú fò. Ara ẹni tó ń mutí gan-an kì í gba fítámì B1, tí wọ́n ń pè ní thiamine, bó ṣe yẹ, oúnjẹ tó ń jẹ sì lè má tó nǹkan. Bí B1 bá wọ́n nínú ara jù, iyè á dàrú, ẹsẹ̀ á máa ta gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, ẹyinjú ò ní dúró lójú kan tàbí kó máa rí nǹkan ní méjìméjì. Ẹ wò ó, kò yàtọ̀ sí ẹni tó mutí yó! Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi máa ń sọ pé ó ti lọ jí ọtí mu, ẹ jẹ́ kó sùn ún kúrò. Oorun kọ́ ni ìwòsàn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ B1 ló nílò kíákíá, nítorí bí ó bá pẹ́, ìrántí rẹ̀ lè bàjẹ́ pátápátá. Bí wọ́n bá fẹ́ fa omi oníṣúgà sí i lára, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọ̀mu ni, kí wọ́n lè fún un ní B1 ṣáájú omi náà tàbí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ iye tí wọ́n ń mu, torí ìgò ni wọ́n ń kà. Iye ọtí gidi tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ ká kà. Ẹ fi iye mílílítà ìgò ṣe ìlọ́po ìdá ọtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ pín in sí 100, kí ẹ tún fi 0.79 ṣe ìlọ́po rẹ̀. Bíà 600 mílílítà tó jẹ́ 5% á fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 24. Ìgò wáìnì 750 mílílítà tó jẹ́ 12% á fún yín ní 71. Ẹ̀dọ̀ kì í sábà rí ju gíráàmù 7 sí 10 pa run ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ni kọfí tàbí omi tútù kò lè lé e sáré. Ẹni tó parí ìgò wáìnì yẹn láago 11 alẹ́ ṣì lè ní ọtí lára nígbà tó bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ní ìbéèrè 10 kan tí wọ́n fi ń mọ bí ọtí tí ẹnì kan ń mu ṣe léwu tó, AUDIT lorúkọ rẹ̀, tí àmì rẹ̀ lọ láti 0 sí 40. Ẹni tó gba 8 ti wọ ibi ewu. Ẹni tó bá gba 20 sókè, kó má dá ìdádúró ṣe, kó lọ rí dókítà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkàn, èyí tí a tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ á dúró, oúnjẹ á ń wọlé, gbogbo ayé á máa kí onítọ̀hún kú oríire. Lásìkò yẹn gan-an ni inú rẹ̀ lè bà jẹ́ jù. Kò sóhun tó ń dùn mọ́ ọn, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, á wá máa bi ara rẹ̀ pé kí ni èrè ìyà tí òun jẹ. Kí ẹnì kan sọ fún un ṣáájú pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn! Ìsoríkọ́ tí ọtí fà sábà máa ń fúyẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ dókítà máa dúró di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí wọ́n tó sọ pé àìsàn ìsoríkọ́ tó dá dúró ni, àfi tí ẹni náà bá ti ní in kó tó di ọ̀mu, tàbí tí èrò ikú bá ti wọ̀ ọ́. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 4 tí kò fúyẹ́, ó fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Kó má sọ pé bóyá òun ò tíì ní sùúrù tó.

Oorun ló ń pẹ́ jù kó tó padà bọ̀ sípò. Ọtí ń tètè kunni lóorun lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fọ́ oorun ìdajì kejì òru sí wẹ́wẹ́, tí èèyàn á fi jí láago 3 pẹ̀lú àyà tó ń já. Ó tún máa ń dín oorun àlá kù. Nígbà tí ọtí bá kúrò, àlá á ya bolẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì máa lá a pé àwọn ń mutí, wọ́n á jí pẹ̀lú ẹ̀bi ohun tí wọn ò ṣe. Àlá lásán ni. Kí wọ́n máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ bó ti wù kí òru rí, kí wọ́n má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, kí wọ́n sì dìde kúrò lórí ibùsùn bí oorun kò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Kí wọ́n jókòó síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù títí oorun á fi dé. Ìwé kékeré kan tún wúlò: láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà láti 0 dé 10 fún bí inú wọn ṣe rí, àti iye wákàtí tí wọ́n sùn. Ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì kì í rántí ọjọ́ tó dára, àmọ́ ìwé á rántí rẹ̀.

Òǹgbẹ ọtí fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Á gòkè, á sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 bí wọn ò bá fún un ní nǹkan. Kí ẹni náà wo aago, kó kúrò níbi tó wà, kó mu omi, kó wá bi ara rẹ̀ bóyá ebi, ìbínú, ìdánìkanwà tàbí àárẹ̀ ló ń ṣe é. Ebi la máa ń fojú di jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n jẹun kí aago ọtí tó lù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àkókò tó ṣófo náà nílò ètò: ẹni tó ń mutí láago 6 sí 11 lálaalẹ́ ti gba wákàtí 35 padà lọ́sẹ̀. Bí kò bá kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe sílẹ̀, ọtí mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Lóde àríyá, "Ẹ ṣeun sà, mi ò mutí" ti tó. Kò yẹ kí wọ́n fi oògùn tàbí àìsàn ṣe àwáwí, torí ẹni tó ń fi ọtí lọni á bi wọ́n nígbà mìíràn bóyá oògùn ọ̀hún ti tán. Kí ife omi wà lọ́wọ́ kó tó di pé ẹnì kan wá béèrè. Bíà tí wọ́n kọ "aláìlọ́tí" sí lára lè ní tó 0.5% ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìwọ̀n yẹn kò lè mú èèyàn yó bí ọtí, àmọ́ òórùn àti ìtọ́wò rẹ̀ lè ru òǹgbẹ àtijọ́ sókè, nítorí náà a kì í gbà wọ́n nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá yẹsẹ̀, kó má sọ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Irú èrò yẹn ló ń sọ ife kan di ìgò mẹ́ta. Ara rẹ̀ ò gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà iye àtijọ́ lè ṣe é léṣe. Tó bá sì ti padà sí mímu lójoojúmọ́, ewu ìdádúró òjijì ti padà nìyẹn, ó sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Oògùn mẹ́ta ni àwọn dókítà sábà máa ń lò láti ran ẹni tó ti jáwọ́ lọ́wọ́: naltrexone, acamprosate àti disulfiram. Naltrexone kò bá oògùn ìrora bíi morphine àti codeine rẹ́, acamprosate sì ń fẹ́ kí kíndìnrín dára. Ti disulfiram ló ń bà wá lẹ́rù jù, torí àwọn ẹbí kan máa ń yọ́ ọ sínú oúnjẹ ọkọ tàbí ọmọ láìsọ fún un. Ẹ má dán an wò láé. Bí ẹni tó ti jẹ ẹ́ bá fẹnu kan ọtí, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, ó sì lè kú. Wákàtí 12, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ọtí ìkẹyìn kó tó lò ó. Lẹ́yìn tó bá dá oògùn náà dúró, ó lè tó ọjọ́ 14 kí ewu náà tó lọ. Oògùn ikọ́ olómi àti omi ìfọnu tó ní ọtí nínú náà lè dá wàhálà sílẹ̀.

Bí ẹni tó ń jáwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti di ẹrù fún àwọn èèyàn òun, tàbí tó ń pín ohun ìní rẹ̀ kiri, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í gbin èrò ọ̀hún síni lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn, àwọn nǹkan olóró àti ohun tó mú bí ọ̀bẹ kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìlera méjì